Afẹ́fẹ́ Gbígbóná Kì í Yó Ẹ́ńjìnnì: Ìtàn Intercooler, Láti Ojú Òfuurufú Dé Títì Òṣíẹ̀lẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fi etí gbọ́ ètò yìí, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ọ, tí ẹ fẹ́ kà á lórí fóònù nínú ọkọ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyí.

Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mò ń gbé, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Bí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ ó rí tírélà tó gbé sìmẹ́ńtì, ẹ ó rí típà tó ń kó òkúta bọ̀ láti agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, ẹ ó rí bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó sì rí jíìpù tokunbo lóríṣiríṣi. Lára àwọn jíìpù àtijọ́ kan, pàápàá Mitsubishi Pajero, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì gàdàgbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: INTERCOOLER TURBO.

Tọ́bò yẹn, kò sí ọmọ àdúgbò tí kò mọ̀ ọ́n. "Ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá yẹn ní tọ́bò o!" Òun ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Ọ̀rọ̀ kejì ńkọ́? Kí ló dé tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi kọ intercooler ṣáájú tọ́bò? Ìdí wà. Ó gba ayé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé tọ́bò tí kò ní ohun tí yóò tu afẹ́fẹ́ rẹ̀ lára dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba owó, tí olè sì ń yọ ọ́ lápò òsì. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé àwa tí a ń gbé ibi tí oòrùn ti ń mú jù ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù.

Kí ni tọ́bò ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì. A máa ń rò pé epo ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń jẹ jù. Kí pẹ́tíróòlù kílò 1 tó lè jó tán dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7. Epo kò ṣòro láti fi kún un, ẹ ṣáà da púpọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ ni wàhálà, nítorí pé ìwọ̀nba tí písítìn bá lè fà wọlé náà ni yóò rí jẹ.

Tọ́bò wá dá ọgbọ́n kan. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ sí salẹ́ńsà, tí à bá kàn jẹ́ kó lọ lófo, òun ni tọ́bò fi ń yí àgbá kékeré kan. Irin kan so àgbá yẹn mọ́ àgbá kejì, àgbá kejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń fún un pọ̀, tó sì ń tì í wọnú ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ kékeré, àgbá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ́dọ̀ fókanáísà tó wà nítòsí yín. Nígbà tó bá ń fẹ́ táyà lọ́wọ́, ẹ sọ fún un kó fi páìpù tó ti orí ẹ̀rọ náà lọ sínú táńkì hàn yín. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, yóò jó yín. Kò sí iná níbẹ̀, kò sì sí epo tó ń jó nínú páìpù yẹn. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ lásán ló gbóná bẹ́ẹ̀. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ ló máa ń gbóná.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń fẹ̀. Ẹ fojú inú wo danfo kan. Bí èrò bá jókòó jẹ́ẹ́, èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin ni ìjókòó kan ń gbà. Bí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí kálukú ń ju apá, méjì ni yóò gbà á. Danfo kò kéré sí i, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ ti dínkù. Ohun tí ooru ń ṣe sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn.

Mo ṣe ìṣirò kan fún yín. Ká ní ọ̀sán gangan ni ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ìta wà ní ìwọ̀n 35 lórí Celsius. Tọ́bò tó ṣe dáadáa díẹ̀ fún afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀ ní ìlọ́po méjì. Bó ṣe ń jáde níbẹ̀, yóò ti gbóná tó nǹkan bíi 130. Omi á ti hó kó tó dé ibẹ̀. Nítorí ooru yìí, afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì mọ́, nǹkan bíi ìlọ́po 1.5 ni. Ìdajì èrè ti lọ. Bí a bá wá rí ohun kan tí yóò mú ooru yẹn wálẹ̀ láti 130 sí 55 kó tó wọlé, afẹ́fẹ́ yóò padà sí nǹkan bíi ìlọ́po 1.9. Ẹ̀rọ kan náà ni, tọ́bò kan náà ni, a kàn tu afẹ́fẹ́ lára ni.

Ohun tó ń tù ú lára yẹn ni intercooler. Ẹ wo rédíétọ̀ ọkọ̀, òun náà ló jọ, àfi pé kò sí omi nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú tọ́bò ń gba inú àwọn páìpù pẹlẹbẹ rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ ìta tí ọkọ̀ ń sáré pàdé sì ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ooru bọ́ síta, afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi omi tù ú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Láti orí òkè dé ojú ogun

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò tọ́bò ní ọdún 1905. Ogún ọdún kọjá kí èrò rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wọlé. Ní àárín àwọn ọdún 1920, wọ́n fi tọ́bò rẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi méjì ní Jámánì, Preussen àti Hansestadt Danzig. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú agbára ẹṣin 1,750 wá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú 2,500 wá.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sanford Moss, òṣìṣẹ́ General Electric, ń wá ojútùú sí ìṣòro mìíràn. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì a sì máa rẹ̀. Ní ọdún 1918, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì Liberty kan gun òkè Pikes Peak ní Colorado, tó ga ju mítà 4,300 lọ. Nísàlẹ̀, agbára ẹṣin 350 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mú wá. Lórí òkè, 230 péré ló kù. Nígbà tí wọ́n so tọ́bò mọ́ ọn, ó di 356. Ẹnikẹ́ni tó rí ìyẹn kò tún lè jiyàn mọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i ni ooru ń pọ̀ sí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ́ńjìnnì Merlin. Ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí i, kì í ṣe èéfín. Irú ẹ́ńjìnnì yìí tilẹ̀ kọjá lókè orí àwọn baba ńlá wa: láti ọdún 1940, wọ́n ń to ọkọ̀ òfuurufú Hurricane ní Takoradi, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Ghana lónìí, wọn a sì máa fò wọ́n gba Èkó, Kano àti Maiduguri lọ sí Íjíbítì.

Ní ọdún 1942, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì tuntun ń fojú Spitfire gbolẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Merlin 61 jáde. Ìgbà méjì ni èyí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Wọ́n sì mọ̀ pé tí àwọn kò bá tù ú lára lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì yóò ba ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà wọ́n fi intercooler tí ń lo omi sí i. Spitfire tuntun yẹn ló gba iyì padà.

Ti Amẹ́ríkà ló kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Ọkọ̀ òfuurufú P-38 Lightning ní tọ́bò méjì. Àwọn tó yà á fi intercooler sí etí iwájú ìyẹ́ rẹ̀, ibi tó dára lójú. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Agbára wà níbẹ̀, awakọ̀ kò lè lò ó tán, nítorí pé intercooler inú ìyẹ́ yẹn kò tó láti tu afẹ́fẹ́ náà lára. Ní ọdún 1943, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìyẹ́, wọ́n gbé èyí tó tóbi sí iwájú nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń kọlù ú tààrà. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ náà tó lo agbára rẹ̀ tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn: *ibi tí intercooler wà, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dé ibẹ̀, ṣe pàtàkì bíi intercooler fúnra rẹ̀.*

Ọkọ̀ tó ń mu omi tí olówó rẹ̀ ń gbàgbé

Ogun parí, tọ́bò sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ní ọdún 1962, General Motors gbé Oldsmobile Jetfire jáde, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó ní tọ́bò tí ará ìlú lè rà. Wọ́n mọ̀ pé ooru yóò dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹ́tíróòlù, bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù, epo lè gbiná kí àsìkò tó tó. Ẹ ó máa gbọ́ ìró bí ẹni ń fi òòlù kan irin, písítìn á sì bàjẹ́ níkẹyìn.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá kì í ṣe intercooler. Wọ́n fi táńkì kékeré kan síbẹ̀, wọ́n da omi àti methanol pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Turbo-Rocket Fluid. Bí tọ́bò bá ti ń ṣiṣẹ́, omi yìí á máa wọ́n wọnú ẹ́ńjìnnì láti tù ú lára. Ọgbọ́n tó dára ni, àmọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò máa rántí pọn omi náà kún. Wọn kò rántí. Bí táńkì bá ti gbẹ, ọkọ̀ á dín agbára tọ́bò kù fúnra rẹ̀, olówó ọkọ̀ á máa bínú pé ọkọ̀ kò lè sáré. Láàárín ọdún méjì, wọ́n pa Jetfire tì. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ náà ń bá àwọn oníbàárà yọ tọ́bò kúrò lára rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn Jetfire yìí nítorí pé ó ṣàlàyé ìdí tí intercooler fi borí. Kò ní omi tí ẹ ó máa bù sí i. Kò ní ohun tó ń yí nínú. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ yín fún: ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà.

Porsche fi èyí hàn kedere. 911 Turbo tí wọ́n gbé jáde ní àárín àwọn ọdún 1970 ní ẹ́ńjìnnì líta 3.0 àti agbára ẹṣin 260, kò ní intercooler. Ní ọdún 1978 wọ́n sọ ọ́ di líta 3.3, wọ́n fi intercooler sábẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, agbára rẹ̀ sì gòkè sí 300. Bí ẹ bá rí àwòrán ọkọ̀ yẹn tí ìdí rẹ̀ dà bí tábìlì, nítorí intercooler ni.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ló sọ ọ́ di ohun gbogboogbò, kì í ṣe ọkọ̀ olówó. Volvo ti fi tọ́bò sí ọkọ̀ akẹ́rù láti ọdún 1954. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, epo ti wọ́n káàkiri ayé, àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi intercooler kún un. Ẹ wo Scania: ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ tó jáde ní 1969 mú agbára ẹṣin 350 wá pẹ̀lú tọ́bò. Ní 1982, pẹ̀lú intercooler, irú ẹ́ńjìnnì líta 14 kan náà dé 420.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní ọdún 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna, Volkswagen ń to tirẹ̀ ní Èkó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ANAMMCO ń to Mercedes ní Enugu. Peugeot 504 àti Beetle tí àwọn òbí wa fi ṣe ìyàwó, tí wọ́n fi gbé wa lọ sílé ìwé, kò ní tọ́bò. Lọ́rì Mercedes 911, ẹni tó kó yanrìn àti òkúta tó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta, kò ní tọ́bò bákan náà. Ẹ́ńjìnnì líta 5.7 rẹ̀ ń jẹ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá lè fà fúnra rẹ̀, agbára ẹṣin rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 130 lọ. Bó bá ń gun òkè, ẹ lè sọ̀kalẹ̀ kí ẹ bá a rìn.

Nítorí náà, àwọn mẹkáníìkì wa àgbà kọ́ṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì tí kò mọ intercooler rí. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Lẹ́yìn ètò SAP ti ọdún 1986, náírà rẹ̀wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí apá òṣìṣẹ́ kò ká mọ́, tokunbo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti Kútọnu àti Apapa. Ohun tí àwọn òyìnbó ń lò ní ogún ọdún sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa lábẹ́ igi máńgòrò, láìsí ìwé, láìsí ẹni tó wá kọ́ni.

Lónìí, ọkọ̀ tó ní tọ́bò ló gba títì wa. Tírélà Howo tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ìbẹ̀sè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WD615 kò tó líta 10, síbẹ̀ irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ń mú agbára ẹṣin 371 wá. Ẹ pín in sí líta, ẹ ó rí i pé líta kan rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju líta kan ti 911 lọ dáadáa. Tọ́bò àti intercooler ni. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pàápàá, ẹ́ńjìnnì líta 1.5 ló ń ṣe iṣẹ́ tí líta 2.4 ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Iye tí àìmọ̀ ń náni

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń wa bọ́ọ̀sì dísẹ́ẹ̀lì láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ẹnìkan kọlù ú níwájú, bọ́ńpà wọlé, intercooler lu. Mẹkáníìkì kan sọ fún un pé ẹrù lásán ni nǹkan yẹn, pé àwọn òyìnbó fi dí àyè ni. Ó yọ ọ́, ó fi páìpù kan ṣoṣo so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, ó sanwó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín dúdú bó bá ti ń gun òkè. Èéfín dúdú ni epo tí kò rí afẹ́fẹ́ jó. Nítorí pé agbára ti dínkù, bọ̀ọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i, epo ń pọ̀, ooru ń pọ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gásíkẹ̀ẹ̀tì orí jó, písítìn kan sì yọ́. Owó intercooler tokunbo kò tó ìdá mẹ́wàá owó tí wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Oṣù méjì ni ọkọ̀ fi wà nílẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ sì di gbèsè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn.

Ẹ rántí ìṣirò tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní ilẹ̀ Sweden, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ wà ní ìwọ̀n 10, tọ́bò kan náà yóò tú afẹ́fẹ́ jáde ní nǹkan bíi 100. Lọ́dọ̀ wa, 130 ni. Bí ẹnì kan bá wà láyé tó lè yọ intercooler kó sì mú un jẹ, kì í ṣe ará Òṣíẹ̀lẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń ṣe sí ọkọ̀ tèmi rèé. Mo máa ń wo iwájú rẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ewé, eruku pupa ọ̀nà oko, gbogbo wọn ló ń lẹ̀ mọ́ intercooler, tí wọ́n sì ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Omi tí kò le jù ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kí ìyẹ́ tín-ín-rín ara rẹ̀ má baà tẹ̀. N kò gbé irin ńlá tàbí pátákó dí iwájú. Mo ń tẹ́tí sí họ́ọ̀sì: bí mo bá gbọ́ "fììì" nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, họ́ọ̀sì ti lu tàbí kílíìpù ti tú nìyẹn. N kò fi rọ́bà inú táyà dì í, torí pé òun náà á tún tú. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tokunbo tí wọ́n ti kọlù níwájú rí, ẹ ní kí wọ́n ṣí i kí ẹ rí intercooler kí ẹ tó sanwó. Òun ló wà lójú ogun, òun ni ìkọlù máa ń kọ́kọ́ bá.

Àwọn tó ṣe P-38 ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára, wọn kò rí i lò títí wọ́n fi wá ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ tútù. Àwọn tó ra Jetfire ní tọ́bò, wọ́n pàdánù rẹ̀ nítorí ohun tí wọn kò rántí. Àwa náà ti ra tọ́bò báyìí. Ó wà lọ́wọ́ wa bóyá a ó jàǹfààní rẹ̀ tàbí a ó kàn máa gbé orúkọ rẹ̀ kiri.

Ibi tí a ó dánu dúró sí nìyí. Bí ẹ bá mọ awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì kan tó yẹ kó gbọ́ èyí, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́ o. Ó dàbọ̀.